Àgbà tó bá ra ọtí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ní England: kí ni òfin máa ṣe fún un?

Ìyá Tòkunbọ̀, Woolwich

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Ọmọ mi ọkùnrin á pé ọdún 18 ní ọjọ́ Sátidé, 25 July 2026, a sì ti gba gbọ̀ngàn kan fún ìnáwó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bọ̀ ṣì wà ní ọdún 16 àti 17. Àwọn ọmọ náà ti ń dá owó jọ, wọ́n fẹ́ kó o fún ọmọ àbúrò ọkọ mi, ẹni ọdún 23, kó bá wọn ra fódíkà àti bíà. Ilé ìtọ́jú arúgbó ni ọmọ yẹn ti ń ṣiṣẹ́, físà iṣẹ́ ló sì fi wà níbí.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Bí wọ́n bá mú un, kí ni wọ́n máa ṣe fún un? Bó bá jẹ́ èmi ni mo fi owó ara mi ra ọtí, tí mo gbé e kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbọ̀ngàn ńkọ́? Ẹ̀kẹta, ọmọ tuntun wà nínú ẹbí, bàbá ọkọ mi sì ní dandan ni kí ọtí kan ọmọ lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ṣé òfin wà lórí ìyẹn náà?

Alàgbà Peckham

Ìyá Tòkunbọ̀, ẹ kú ètò ìnáwó o. Ẹ má jẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Licensing Act 2003 ni òfin tó de ọ̀rọ̀ yìí ní England àti Wales, abala 149. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ra ọtí fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 tó rán an níṣẹ́, tàbí tó tiẹ̀ gbìyànjú láti rà á, ti ṣẹ̀. Ẹ fojú sí "gbìyànjú" yẹn dáadáa. Bí olùtajà bá gba ìgò náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ ní orí káńtà, tí kò sì tà á, ẹ̀ṣẹ̀ ti wáyé. Ní kóòtù májísíréètì, £5,000 ni owó ìtanràn rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti March 2015 wọ́n ti mú òpin kúrò níbẹ̀. Adájọ́ á wo bí owó tó ń wọlé fún ẹni náà ṣe tó àti bí ọ̀ràn ṣe wúwo tó, á sì bu iye tó bá tọ́ lé e.

Ọlọ́pàá lè má gbé e dé kóòtù rárá. Wọ́n lè já ìwé ìtanràn £90 fún un lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ 21 ló ní: kó san án, tàbí kó kọ̀wé pé òun fẹ́ kí kóòtù gbọ́ ẹjọ́ òun. Bó bá dákẹ́, £135 ló máa dà, wọ́n á sì máa gbà á bí owó ìtanràn kóòtù. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyí: wọ́n á fi ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀, ọjọ́ á sì kọjá.

Àwọn ọmọ náà ò lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tó bá ra ọtí fúnra rẹ̀, tàbí tó gbìyànjú láti rà á, lè san tó £1,000.

Àwíjàre kan ṣoṣo tí òfin fún ẹni tó rà á ni pé kò sí ohunkóhun tó lè mú un fura pé ọmọ náà kò tíì pé ọdún 18. Ọmọ àbúrò ọkọ yín ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó mọ ọjọ́ orí wọn, ó mọ kíláàsì tí wọ́n wà, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí WhatsApp. Ẹni tó bá ní kó ra fódíkà méjì kó sì fi ṣéńjì sílẹ̀, ẹ̀rí ló kọ sílẹ̀ fún ọlọ́pàá yẹn.

Nọ́ọ̀sì Lewisham

Èmi máa dá sí ti físà àti iṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ìyà náà ti ń gùn ju £90 lọ.

Ìwé ìtanràn £90 tí èèyàn san kì í ṣe ìdájọ́ ẹ̀bi, ìtanràn tí kóòtù bù ló jẹ́ ìdájọ́ ẹ̀bi. Lábẹ́ òfin gbogbogbòò, ìdájọ́ tó jẹ́ owó ìtanràn fún àgbàlagbà máa ń di ohun àtijọ́ lẹ́yìn ọdún 1 sí ọjọ́ ìdájọ́, ẹni náà ò sì ní láti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n àánú yẹn ò dé ọ̀dọ̀ Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà. Ọ̀rọ̀ físà, ìwé ìgbélùú àti dídi ọmọ ilẹ̀ Britain wà lóde òfin yẹn, nítorí náà wọ́n lè béèrè ìdájọ́ tó ti pẹ́, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ sọ fún un pé bí fọ́ọ̀mù bá béèrè, kó kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, títí kan ìwé ìtanràn £90 bí ìbéèrè bá kan irú rẹ̀. Wọ́n lè fojú fo owó ìtanràn kan. Irọ́ nínú fọ́ọ̀mù ni wọn kì í fojú fò: ó lè jẹ́ kí wọ́n kọ ìwé náà, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún 10.

Níbi iṣẹ́ ìtọ́jú, Enhanced DBS, ìwé àyẹ̀wò bóyá èèyàn ti dáràn rí, ni wọ́n máa ń béèrè. Ọlọ́pàá lè fi ohun tí wọ́n mọ̀ nípa èèyàn sínú rẹ̀, bí wọ́n bá rí i pé ó kan irú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, bí kò tilẹ̀ sí ìdájọ́ kankan. Bó bá sì jẹ́ nọ́ọ̀sì ni, NMC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn nọ́ọ̀sì, ní kó sọ fún àwọn àti fún ọ̀gá rẹ̀ ní kíá bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn kàn án tàbí tí ọlọ́pàá bá fún un ní ìkìlọ̀ tó wà nínú ìwé, kó má dúró de ìdájọ́.

Ọmọ ọdún 23 tó ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù ò gbọ́dọ̀ fi gbogbo èyí ta ìgò fódíkà.

Oníṣọ́ọ̀bù Thamesmead

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń mú wọn. Àwa tí à ń ta ọtí ń tẹ̀lé Challenge 25: ẹni tó bá jọ pé kò tó ọdún 25, a ó béèrè pásípọ́ọ̀tù, láísẹ́nsì ọkọ̀ tàbí káàdì ọjọ́ orí tó ní àmì PASS. Àwòrán káàdì lórí fóònù ò tó lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó wà níwájú káńtà nìkan là ń wò. Bí ọmọ mẹ́ta bá dúró níta, tí ọ̀kan nínú wọn na owó sí àgbà kan, tí àgbà náà wọlé wá mú ohun tí ọmọ náà ń fi ìka tọ́ka sí látinú fèrèsé, a ò ní tà á fún un, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wa. Kámẹ́rà ti rí gbogbo rẹ̀.

Ìdí tí a fi le bẹ́ẹ̀ nìyí. Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá ta ọtí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù 3, owó ìtanràn rẹ̀ ò ní òpin, kóòtù sì lè dá láísẹ́nsì dúró fún oṣù 3. Wọ́n lè fún un ní àyè láti ti ọtí títà pa fún wákàtí 48 ó kéré tán, títí dé wákàtí 336, dípò kóòtù. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bínú sí ọmọ tó wà ní káńtà.

Ohun mìíràn wà tó kan àwa Yorùbá gan-an. Nílé, bàbá á ní, "Lọ bá mi ra Gulder wá," ọmọ ọdún 12 á sì sáré lọ. Níbí, abala 152 òfin kan náà ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ rán ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ gba ọtí níbi tí wọ́n ti ń tà á, ẹni tó rán an ló jẹ̀bi, owó ìtanràn rẹ̀ kò sì ní òpin. Kò ṣe nǹkan kan pé bàbá fúnra rẹ̀ ló máa mu ún. Kò sì yọ ọ́ kúrò pé ó ti fóònù sanwó sílẹ̀, tó wá ní kí ọmọ kàn lọ gbé e.

Bọ̀dá Kẹ́hìndé

Ní kúkúrú, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọtí níbikíbi, àní nínú ilé òbí rẹ̀. Kí ìyá fi Supermalt ṣe ọjọ́ ìbí, ọ̀rọ̀ parí.

Alàgbà Peckham

Bọ̀dá Kẹ́hìndé, ti Supermalt dára, mo gbárùkù tì yín níbẹ̀. Òfin yọ ohun mímu tí ọtí inú rẹ̀ kò ju ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kúrò nínú ohun tó ń pè ní ọtí, nítorí náà máòtì kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹmu wà lábẹ́ rẹ̀ o, tòun ti adùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti inú ilé kò rí bí ẹ ṣe sọ ọ́. Ní England, ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 17 tó mu ọtí nínú ilé kò ṣẹ̀ sí òfin, òbí tó bu díẹ̀ fún un pẹ̀lú oúnjẹ kò sì ṣẹ̀ nítorí ìyẹn nìkan. Èyí kì í ṣe pé ó dára. Ọ̀gá àgbà dókítà ilẹ̀ England ti sọ láti ọdún 2009 pé ó sàn kí ọmọ má mu ọtí rárá, ó kéré tán títí yóò fi pé ọdún 15. Bí òbí tàbí alágbàtọ́ bá fi ọtí ba ìlera ọmọ jẹ́, òfin àìtọ́jú ọmọ ti ọdún 1933 wà níbẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé 16, òṣìṣẹ́ káńsù tó ń rí sí ọ̀ràn ọmọdé náà yóò sì kanlẹ̀kùn.

Ohun tí ẹ máa fi mọ ìyàtọ̀ ni pé ta ló rán ẹni tó rà á. Bí òbí bá fi owó rẹ̀ ra wáìnì sílé, tó sì bu ìkán kan fún ọmọ rẹ̀ ọdún 17 nídìí oúnjẹ, òbí ló ra wáìnì ara rẹ̀. Bí ọmọ bá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní £20 pé kó bá òun rà á, ẹ̀gbọ́n ti di ẹni tí ọmọ rán níṣẹ́, abala 149 sì ti mú un.

Ìyá Àbíyè, Dagenham

Ìyá Tòkunbọ̀, ti ọmọ tuntun ni kí n dáhùn. Òfin wà níbẹ̀, ó sì ti pẹ́: Children and Young Persons Act 1933, abala 5. Ẹnikẹ́ni tó bá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní ọtí, tàbí tó mú kí wọ́n fún un, ti ṣẹ̀, àfi bí dókítà bá ní kí wọ́n fún un tàbí tí àìsàn tàbí ìdí pàjáwìrì bá mú un wá. Owó ìtanràn kò ju £200 lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo "mú kí wọ́n fún un" yẹn. Bàbá àgbà tó jókòó sórí àga tó ń pàṣẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó fi ìka bọ ọtí.

Ìsọmọlórúkọ ò ní bàjẹ́ nítorí èyí. Ẹ gbé ọtí kalẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e kalẹ̀, kí àgbà fi wúre pé ọtí kì í tí, ọmọ yìí ò ní tí, kí bàbá àti ìyá ọmọ tọ́ ọ wò ní orúkọ ọmọ. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè kàn fi kan ètè lásán. Omi tí wọ́n ti sè tó ti tutù ni kí ẹ fi kan ètè ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí oyin pẹ̀lú. Òfin ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n NHS ní kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 ní oyin, nítorí kòkòrò tó ń fa botulism lè wà nínú rẹ̀, ìfun ọmọ ọwọ́ ò sì tíì lágbára láti kojú rẹ̀. Oyin tó wá láti ọ̀dọ̀ ọdẹ gan-an ńkọ́? Bákan náà ni. Iyọ̀ náà, àwọn àgbà ni kó tọ́ ọ wò.

Alága ìnáwó, Abbey Wood

Ti gbọ̀ngàn ló kàn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi alábòójútó gbọ̀ngàn ni pé: ṣé ibí yìí ní láísẹ́nsì ọtí? Bó bá ní, tàbí bó bá jẹ́ pé ẹ gba Temporary Event Notice, ìwé ọtí onígbà díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ káńsù, fún ọjọ́ yẹn, abala 150 Licensing Act 2003 ti wọlé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tó mọ̀ọ́mọ̀ mu ọtí níbẹ̀ lè san tó £1,000, àní bí ọtí bá jẹ́ ọ̀fẹ́. Òṣìṣẹ́ tó ní agbára láti dá a dúró, tó rí i tó sì gbójú kúrò, owó ìtanràn tirẹ̀ ò ní òpin. Bó bá jẹ́ Temporary Event Notice ni, ẹni tó fọwọ́ sí ìwé náà gan-an ló wà nípò yẹn bó bá wà níbẹ̀. Ẹ má fi orúkọ ìyá àgbà tó máa jókòó síwájú síbẹ̀. Ẹni tó máa dúró ti báà ni kó fọwọ́ sí i.

Àyè kan wà fún àwọn ọmọ ọdún 16 àti 17: wọ́n lè mu bíà, wáìnì tàbí sáídà bí àgbà bá rà á fún wọn, bí wọ́n bá jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n ń jẹun, tí ẹni tó ti pé ọdún 18 sì jókòó jẹun pẹ̀lú wọn. Fódíkà àti wísíkì ò sí nínú rẹ̀ láé. Mósà àti pọfu-pọfu tí wọ́n ń jẹ lórí ìdúró kì í ṣe oúnjẹ ìdí tábìlì. Èmi ò ní gbé ìnáwó ọmọ ọgọ́rin lé àyè yìí, torí láàárín ijó kò sí ẹni tó máa mọ ẹni tó ti dìde nídìí ìrẹsì.

Bí gbọ̀ngàn kò bá ní láísẹ́nsì, tí ẹ kò sì tà ohunkóhun, abala 150 ò kan yín. Síbẹ̀ ẹ ka ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí, bóyá wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ọtí àti ọmọdé sínú rẹ̀, torí owó ìdúró yín lè lọ síbẹ̀.

Ibi tí ìnáwó wa ti máa ń tú gan-an ni ọtí orí tábìlì. A máa ń to ìgò sínú bákẹ́ẹ̀tì yìnyín sáàárín tábìlì kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀yẹ àlejò, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ yìí. Ibì kan ṣoṣo ni kí gbogbo ọtí wà, àgbà méjì tí kò ní mu nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n máa ṣí ìgò fúnra wọn. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wo ìwé ọjọ́ orí, kí ẹ so okùn ọwọ́ aláwọ̀ méjì: ọ̀kan fún ẹni tó ti pé 18, ìkejì fún ẹni tí kò tíì pé. Irú tí wọ́n gbọ́dọ̀ gé kó tó kúrò lọ́wọ́ ni kí ẹ rà, torí èyí tó ń bọ́ á kọjá sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ìgò Fanta tí wọ́n ti ṣí látìta kò gbọ́dọ̀ wọlé. Inú rẹ̀ ni fódíkà máa ń bá wá.

Bí ọmọ kan bá ti mu ún jù, tí ẹ jí i tí kò jí, tàbí tí mímí rẹ̀ ń falẹ̀, ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ pe 999, kí ẹnì kan má kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má fún un ní kọfí, ẹ má sì fi í sílẹ̀ pé kó sùn. Ìbẹ̀rù pé wọ́n á béèrè ẹni tó ra ọtí kò gbọ́dọ̀ dá ìpè yẹn dúró fún ìṣẹ́jú kan.

Ọmọ Ìbàdàn ní Glasgow

Kí ẹni tó wà ní Scotland má fi ti England ṣe ìwọ̀n o. Licensing (Scotland) Act 2005 ni tiwọn: ẹni tó bá ra ọtí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lè san £5,000, lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù 3, tàbí kó jẹ méjèèjì.

Bọ̀dá Houston

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ẹbí tó ń wá sí Amẹ́ríkà fún ìsinmi pẹ̀lú. Ọdún 21 ni tiwa, ọmọ yín tó ń mu bíà tìdùnnú-tìdùnnú ní London ní ọdún 19 ọmọdé ni níbí. Ní Texas, ẹni tó bá ra ọtí fún ẹni tí kò tíì pé 21, tàbí tó fún un, lè san $4,000, lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 1, láísẹ́nsì ọkọ̀ rẹ̀ á sì dúró fún ọjọ́ 180 bí wọ́n bá dá a lẹ́bi. Òbí, alágbàtọ́, ọkọ tàbí aya tó jẹ́ àgbà nìkan ni òfin yọ sílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ níbi tí ojú rẹ̀ ti tó ọmọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá kò sí nínú rẹ̀, bó ti wù kó tọ́ ọmọ náà pẹ́ tó. Bí ẹni tó ti pé 21 bá mọ̀ọ́mọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé 18, tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀, tí ọmọ yẹn sì lọ fi ọkọ̀ gbá èèyàn nítorí ọtí náà, ẹni tó fún un ni wọ́n lè pè lẹ́jọ́ fún owó gbà-má-bínú.

Ìyá Tòkunbọ̀, Woolwich

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á san yín lóore. Mo ti ní kí wọ́n dá owó àwọn ọmọ náà padà. Ó ku méjì. Àbúrò mi fẹ́ máa ta kọ́kíteèlì fún àwọn àgbà ní alẹ́ ọjọ́ náà, gbọ̀ngàn sì ní àwọn ò ní láísẹ́nsì. Aṣọ ẹbí £60 tí a ń gbà, oúnjẹ àti ọtí wà nínú rẹ̀. Ìwé wo la máa gbà, ìgbà wo ló sì pẹ́ jù?

Alága ìnáwó, Abbey Wood

Kọ́kíteèlì yẹn, títà ni. Aṣọ ẹbí tí ọtí wà nínú ohun tí wọ́n sanwó fún, wọ́n lè kà á sí títà pẹ̀lú. Ẹ yọ ọtí kúrò nínú rẹ̀, kí owó aṣọ jẹ́ ti aṣọ. Temporary Event Notice lẹ máa gbà lọ́wọ́ káńsù tí gbọ̀ngàn náà wà lábẹ́ rẹ̀, £21 ni. Èèyàn inú gbọ̀ngàn ò gbọ́dọ̀ ju 499 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ka alásè, DJ àti onílù mọ́ ọn. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, káńsù ló máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Bó bá jẹ́ ìwé, ẹ̀yin lẹ máa fi ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá àti sí ẹ̀ka ìmọ́tótó àyíká káńsù.

Ọjọ́ iṣẹ́ 10 gbọ́dọ̀ wà láàárín, wọn kì í ka ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ wọn, wọn kì í ka ọjọ́ ìnáwó, Sátidé àti Sọ́ńdè ò sì sí nínú rẹ̀. Fún Sátidé 25 July, Jímọ̀ 10 July ni ìwé gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ṣì lè gba èyí tó pẹ́ títí di Jímọ̀ 17 July, ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ka ìmọ́tótó bá tako èyí tó pẹ́, kò sí ìgbẹ́jọ́, ó ti kú nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, èyí tó dé lásìkò, wọ́n á pè yín kí ẹ wá rojọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ ní òpin June, kí orúkọ àbúrò yín sì wà lórí rẹ̀, bó bá jẹ́ òun ló máa wà nídìí báà.